Abu Bakr al-Razi: Oníṣègùn tó kọ́ ayé bí a ṣe ń dárúkọ àìsàn

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n bá wọn túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ pín in fún àwọn ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní agbègbè Agbowó. Mo kánjú ṣe é. Gbogbo ibi tí mo ti rí àìsàn tó ń mú ara gbóná, ibà ni mo kọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in tán, ìyá kan tó pọn ọmọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi mí pé ibà wo gan-an ni àáfà ń sọ, nítorí pé ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà tán ni, ṣé ó tún nílò abẹ́rẹ́ náà? Mo wo ìwé tí mo kọ, mi ò rí èsì kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi padà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí a máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé-kéwú, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà ka ìwé rẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti kú, síbẹ̀ irú ìbéèrè yìí ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn.

Ọmọ ìlú Rayy

Orúkọ rẹ̀ ni Abu Bakr Muhammad ọmọ Zakariyya al-Razi. Ìlú Rayy ni wọ́n ti bí i ní ọdún 251 Hijra, èyí tó jẹ́ 865 lójú kàlẹ́ńdà àwọn òyìnbó. Ahoro ìlú náà ṣì wà lẹ́bàá Tehran, olú ìlú Iran, títí dòní. Ẹni tó bá wá láti Rayy ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Razi, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi pọ̀ nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka tafsiiri, ẹ má ṣe rò pé òun ni Fakhruddin al-Razi, onítumọ̀ Àlùkùráánì tó kú ní 606 Hijra. Nǹkan bí ọdún 293 ló wà láàárín ikú àwọn méjèèjì. Bí a bá tiẹ̀ lè ṣi èèyàn méjì mú nítorí orúkọ kan, ẹ wo bó ṣe máa rọrùn tó láti ṣi àìsàn méjì mú.

Kò fi ìṣègùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà èwe rẹ̀, orin ló kọ́kọ́ gbá mú, ó máa ń ta ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní ud. Lẹ́yìn náà ló kó wọnú kímíyà, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ìgbà náà fi ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ irin lásán di wúrà. Wúrà kò jáde, ṣùgbọ́n ìdí iná yẹn ló ti kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan fínnífínní, tí a sì ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ojú rí. Nínú ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ náà, ó to ohun èlò ní ẹsẹẹsẹ, ó sì pín àwọn èròjà sí ti ẹranko, ti ewéko àti ti inú ilẹ̀. Onímímọ̀ ńlá nì, al-Biruni, sọ pé èéfín iṣẹ́ kímíyà yìí wà lára ohun tó ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn

Nígbà tó kọjú sí ìṣègùn, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Síbẹ̀ ó di ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ní Rayy, ó sì tún di ọ̀gá àgbà ní Baghdad, olú ìlú ìjọba àwọn Abbasiyyah, ní ayé khalifa al-Muktafi, tó jọba láti 289 sí 295 Hijra.

Ibn al-Nadim, tó ṣe àkójọ orúkọ àwọn ìwé Lárúbáwá ní 377 Hijra, ròyìn bí al-Razi ṣe máa ń jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á pagbo níwájú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn náà á tún pagbo tẹ̀ lé wọn. Bí aláìsàn bá dé, agbo tó jìnnà sí ọ̀gá jù lọ ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á darí rẹ̀ sí agbo tó kàn. Bí gbogbo wọn bá kùnà, al-Razi fúnra rẹ̀ á wá dá sí i. Ètò yìí dára púpọ̀. Aláìsàn ní láti sọ ohun tó ń ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó gbọ́ mu kó tó gbé e dé iwájú ọ̀gá. Ibn al-Nadim tún sọ pé ọ̀làwọ́ ni, pé ó máa ń fún àwọn aláìní ní ohun tí wọn yóò jẹ, ó sì ń tọ́jú wọn. Ó ní kò sí ìgbà tí èèyàn máa wọlé tọ̀ ọ́ tí kò ní bá a nídìí ìwé, yálà ó ń kọ tuntun tàbí ó ń da ti àtijọ́ kọ.

Ìtàn kan wà tí a máa ń fi í dárà nínú wáàsí, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ńlá ní Baghdad, al-Razi ní kí wọ́n so ẹran kọ́ sí oríṣiríṣi àdúgbò ìlú, ibi tí ẹran kò ti tètè bàjẹ́ ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọ́n ń so ìtàn náà mọ́, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Adud al-Dawla, 372 Hijra ni wọ́n tó ṣí i, al-Razi sì ti kú láti 313. Ibn Abi Usaybi'a, tó kọ ìtàn àwọn oníṣègùn, ti rí ìṣòro yìí láti nǹkan bí ọdún 750 sẹ́yìn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé al-Razi fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ kí a fi ohun tí a kàn gbọ́ ṣe ohun tí a rí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: tèmi

Ibi tí ìwà yìí ti hàn jù lọ ni ìwé ńlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní al-Hawi, tó túmọ̀ sí akónijọ. Àkọsílẹ̀ tó ń ṣe fún ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Bó bá ń kàwé, tó rí ohun tí Jalinus ará Gíríìkì sọ nípa àìsàn kan, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì dárúkọ Jalinus sí i. Bó bá rí ti oníṣègùn ará India tàbí ará Siria, á dárúkọ onítọ̀hún. Bó bá wá kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí tàbí tí òun rò, á kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tó kúrú síwájú rẹ̀: lī, ìyẹn ni pé tèmi nìyí. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà lónìí mọ ohun tó jẹ́ ti àwọn àgbà àti ohun tó jẹ́ ti al-Razi. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ó ti sọ ẹni tí a máa bi.

Inú al-Hawi kan náà ni a ti rí i pé ó kíyè sí àwọn aláìsàn kan tó ní àmì sirsam, àìsàn orí tó ń mú ara gbóná tó sì ń da iyè rú. Ó gbẹ́jẹ̀ lára apá kan nínú wọn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi apá kejì sílẹ̀ láìgbẹ́jẹ̀ wọn, kó lè fi ìkíní wé ìkejì. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń tọ́jú aláìsàn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, òun fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ohun tí ìwé wí.

Kò fúnra rẹ̀ parí ìwé náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wàsírì kan tó ń jẹ́ Ibn al-Amid gba àwọn àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ ìyá al-Razi kan tó jẹ́ obìnrin, tó sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ láti tò ó. Ní 1279, Faraj ben Salim, Júù kan ní Sicily, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn fún Ọba Charles. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Brescia, ní Ítálì, ní 1486.

Àìsàn méjì, orúkọ méjì

Ìwé rẹ̀ tó bá ìbéèrè ìyá Agbowó yẹn mu jù lọ kéré, orí 14 péré ni. Orí judari àti hasba ló kọ ọ́ lé. Judari ni àìsàn tí Yorùbá ń pè ní ìgbóná tàbí ṣọ̀pọ̀ná. Hasba ni èéyi. Ó ní ilé èèyàn pàtàkì kan ni àwọn jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìgbóná fi ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti rí i pé kò tíì sí ìwé kan tó tán ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Jalinus mẹ́nu bà á, kò sì ṣàlàyé ìtọ́jú rẹ̀ tó.

Ó wá jókòó ti àmì àìsàn. Ara gbígbóná wà nínú méjèèjì, nítorí náà ara gbígbóná nìkan kò tó láti fi dárúkọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀yìn dídùn, imú yíyún àti ìbẹ̀rù lójú orun ló máa ń ṣáájú ìgbóná. Ó ní ẹ̀yìn dídùn yẹn jẹ́ ti ìgbóná ju ti èéyi lọ. Ní ti èéyi, inú rírú àti àìbalẹ̀ ara ló máa ń pọ̀ jù. Ó sọ bí èyí tó yọ ṣe ń rí lára, èyí tó ṣe é wò àti èyí tó léwu. Ó fi odindi orí kan sílẹ̀ fún bí a ó ṣe dáàbò bo ojú, ọ̀fun àti etí kí àìsàn náà má bàa ba wọ́n jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìgbóná fi ń mú ọmọdé jù, ó fi ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wé omi èso àjàrà tó ń hó kó tó tòrò. Àlàyé yẹn kò dúró mọ́ lónìí, nítorí a ti mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́tọ̀, tó sì kọ ohun tí ó rò lọ́tọ̀, èrò náà ṣubú, àmì tó kọ kò bá a ṣubú. Wọ́n túmọ̀ ìwé kékeré yìí sí Látìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní London ní 1848.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ̀rù ìgbóná ba àwọn baba wa débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń wí, tàbí ilẹ̀gbóná. Wọ́n gbà pé bí a bá pè é, á jẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ẹnu kò lè pè, báwo ni ará ilé kan ṣe máa kìlọ̀ fún ará ilé kejì pé ó ti wọlé?

Ìparí ìgbóná fi hàn bí orúkọ ti ṣe pàtàkì tó. Ní ìparí ọdún 1966, nígbà tí abẹ́rẹ́ kò tó láti gún fún gbogbo ènìyàn ní agbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi rédíò béèrè lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ibi tí ìgbóná wà gan-an. Ibi tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ yí ká. Ọ̀nà yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹni tó wà ní abúlé kò bá lè wo ara ọmọ kó sì sọ pé ìgbóná nìyí, èyí kì í ṣe ìgbóná. Ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà láwọn ọdún yẹn, àìsàn méjì ló dojú kọ pọ̀: ìgbóná àti èéyi, àwọn méjì tí al-Razi fi sínú ìwé kan náà. Ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1980 pé ó ti tán láyé. Èéyi kò tíì tán. Ó ṣì ń pa ọmọ, ó sì ń fọ́ ọmọ lójú.

Ìwé fún ẹni tí kò ní dókítà

Al-Razi kọ ìwé fún àwọn ńlá. Èyí tó kọ fún Mansur ọmọ Ishaq, gómìnà Rayy, ni wọ́n ń pè ní al-Mansuri. Apá mẹ́wàá ni, apá kẹsàn-án rẹ̀ sì di ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní àwọn yunifásítì Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó tún kọ òmíràn tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìwé ẹni tí kò rí oníṣègùn nítòsí. Àwọn kan ń pè é ní ìṣègùn àwọn aláìní. Oúnjẹ àti oògùn tí èèyàn lè rí nínú ilé ìdáná tàbí lọ́jà lásán ló kún inú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tó ń bá gómìnà sọ̀rọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀, kò sì ka èkejì sí iṣẹ́ tó rẹlẹ̀.

Ó tún kọ nípa ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fi oníṣègùn tó mọṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá ẹlẹ́tàn, ó sì kọ pé oníṣègùn tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè wo gbogbo àìsàn sàn. Al-Biruni ka iṣẹ́ rẹ̀, ó sì to orúkọ ìwé 184 jọ.

Sí Jalinus, tó kà sí olùkọ́ rẹ̀ nínú ìṣègùn, ó kọ ìwé kan tó fi tọ́ka sí ibi tí ohun tí òun rí lára aláìsàn kò ti bá ti Jalinus mu. Ó fi hàn pé bíbọ̀wọ̀ fún àgbà kò ní kí a pa òtítọ́ mọ́.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bò fún yín. Àwọn onímímọ̀ kan fi ẹ̀sùn kàn án pé ó sọ ohun tí kò tọ́ nípa iṣẹ́ àwọn Ànábì, wọ́n sì kọ ìwé tako ọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ àwọn tó tako ọ́ ni a ti gbà á. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, a kò lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣègùn ni a gbà. Ìdájọ́ ọkàn ẹ̀dá, ti Ọlọ́hun ni.

Ojú tó fọ́

Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣàìsàn fọ́ nígbà ogbó. Wọ́n ròyìn pé ẹnì kan wá láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Al-Razi bi í pé awẹ́ mélòó ló wà nínú ẹyin ojú. Ẹni náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò ní fi irin kan ojú òun. Nígbà tí wọ́n tún rọ̀ ọ́, ó ní òun ti rí ayé tó. Ó kú ní Rayy ní oṣù Ṣábàn, 313 Hijra, 925 ti àwọn òyìnbó.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Lónìí, láti Bódìjà dé Challenge, fóònù gbogbo ilé mùsùlùmí ló ń gba iṣẹ́ ìlera lójoojúmọ́. Ewé yìí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, omi yẹn ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Ní Dùgbẹ̀ àti Ring Road, ẹ óò rí oògùn inú ìgò tí wọ́n kọ àìsàn ogún sí lára, láti orí jẹdíjẹdí dé orí rọpárọsẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí al-Razi á béèrè: ta ló rí i? Ara ta ló ti wò ó? Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ni ín ni, àbí ó gbọ́ ọ ni? Àwa àáfà pàápàá, nígbà tí a bá mú ohun tí a kà lórí fóònù sọ lórí mínbárì, ó yẹ kí a lè sọ èyí tó jẹ́ tiwa àti èyí tí a gbọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ara ọmọ ọlọ́mọ, àmọ́nà ni.

Mo padà lọ tún ìwé Agbowó yẹn kọ. Mo yọ ibà kúrò ní gbogbo ibi tí kò yẹ kó wà. Mo kọ èéyi: ara ọmọ á gbóná gan-an, á máa wúkọ́, imú rẹ̀ á máa ṣomi, ojú rẹ̀ á pọ́n, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nǹkan wínníwínní á yọ láti ojú àti ẹ̀yìn etí, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ sí ara. Mo kọ ọ́ pé oògùn ibà kò lè dènà èyí, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí. Mo kọ ibà pọ́njú lọ́tọ̀, pé ẹ̀fọn ló ń gbé e, pé ojú lè di àwọ̀ òféèfèé bí ìyeyè, pé oṣù kẹsàn-án ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà. Ìwé náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè èwo ni mò ń sọ.

Ìyá yẹn gba ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó kà á níbi tó dúró sí, ó ka oṣù ọmọ rẹ̀ lórí ìka ọwọ́, ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fi òtítọ́ sí ẹnu àti kálámù wa. Àmín.